Bí A Ṣe Ń Yan Sípíkà Adúrónílẹ̀ Kékeré fún Pálọ̀ Wa

Pálọ̀ ilé tí mo ń gbé ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú àti 14 ní òòró lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó débẹ̀, sípíkà ńlá méjì tí wúfà wọn (ojú ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn báàsì, jáde) fẹ̀ tó ínǹṣì 12 ni mo gbé kalẹ̀, mo sì rò pé ọ̀ràn ti yanjú. Gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, àwọn ará ilé kejì sì máa ń mọ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi wá kí mi, mo gbé orin onídùndún kan sí i kí inú wọn lè dùn. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì, wọ́n wá bi mí pé, "Kí ni ìyáàlù yẹn ń sọ?" Mo dákẹ́, nítorí pé èmi náà kò gbọ́ ju "gbùù, gbùù" lọ. Ìlù ń dún, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Bí ìlù tí ń ki oríkì kò bá yé ẹni tó gbọ́ èdè ìlù, sípíkà ni ó ń purọ́, kì í ṣe onílù; orí ìdí yìí ni mo gbé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín kà.

Sípíkà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí ń dá dúró nílẹ̀ láìsí tábìlì lábẹ́ rẹ̀, tí gíga rẹ̀ wà láàárín 80 sí 95 sẹ̀ǹtímítà, tí ìbú iwájú rẹ̀ kò sì ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ó sábà máa ń ní wúfà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínǹṣì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, àti tùwítà kan lókè, ìyẹn ojú kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde. Ẹ má ṣe fojú kéré ínǹṣì 5 yẹn: bí a bá ro ojú wúfà méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó tó ojú wúfà kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ ní ínǹṣì 7, síbẹ̀ àpótí tí ó gbà wọ́n kò fẹ̀ ju ojú ìwé A4 lọ. Àwọn kan á ní kí a kúkú ra kékeré tí wọ́n ń gbé sórí pẹpẹ. Òun náà dára, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sórí pẹpẹ tẹlifíṣọ̀n, pẹpẹ náà yóò máa bá a gbọ̀n. Bí a bá sì ra ẹsẹ̀ tirẹ̀ fún un, ààyè tí ẹsẹ̀ náà yóò gbà nílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti adúrónílẹ̀, owó sì ti di ọ̀nà méjì.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wọn yàrá

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà rárá, ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn ìbú, òòró àti gíga yàrá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú irú ooru tiwa, ìró ń rin nǹkan bíi 347 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá sọ òòró yàrá di ìlọ́po méjì ní mítà, tí ẹ sì fi pín 347, iye tí ẹ ó rí ni ohùn ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́ tí yàrá náà yóò máa wú lórí, tí yóò máa hó bí omi inú ìkòkò. Ẹsẹ̀ bàtà 10, tí í ṣe mítà 3.05, yóò wú lórí nǹkan bíi 57 Hertz, ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. 12 yóò wú lórí 47. 14 yóò wú lórí 41. Okùn tó nípọn jù lọ lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin, bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ níbì kankan, 41 Hertz gan-an ni ó ń dún. Ẹ ò rí i pé gbogbo ìgbà tí onígìtá bá ti fọwọ́ kan okùn yẹn, pálọ̀ tèmi ló ń dáhùn, tí ó sì ń bo ìyáàlù mọ́lẹ̀. Ẹ̀bi wúfà ínǹṣì 12 mi kò ju pé ó lágbára láti ta yàrá náà jí lọ.

Yàrá tí ìbú àti òòró rẹ̀ dọ́gba ló le jù, nítorí pé ìbú àti òòró yóò jọ wú lórí ohùn kan náà. Irú yàrá bẹ́ẹ̀, 12 sí 12, pọ̀ ní àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, mo sì gba ẹni tó bá ń gbé inú rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe kọjá èyí tí wúfà rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 4 tàbí 5.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń yẹ sípíkà wò ní òkè òkun kì í bá wa sọ, nítorí pé kò kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ igi àti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà kọjá tàbí tí ó ń kú sí lára. Ògiri tiwa jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́ ní símẹ́ńtì. Kì í mì, gbogbo báàsì tó bá kàn án ni ó ń dá padà sáàárín yàrá. Sípíkà tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ pé báàsì rẹ̀ pé níwọ̀nba lè pọ̀ jù ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí wọ́n sì ń ráhùn sí pé báàsì rẹ̀ kéré díẹ̀ lè bọ́ sí i gẹ́lẹ́ ní Iléṣà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a fi ìpele kan rẹlẹ̀ sí ohun tí ojú wa ń fẹ́. Fún pálọ̀ 12 sí 14 títí dé 14 sí 16, wúfà méjì oní-ínǹṣì 5 tó. Pálọ̀ ńlá àwọn ilé àtijọ́ ní Òkèṣà ní Iléṣà, tí ẹnu ọ̀nà wọn ṣí sí kọ̀rídọ̀, lè gba oní-ínǹṣì 6 ààbọ̀.

Kí ẹ tó kúrò nínú yàrá náà, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kíkan. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá dún "tàn-ìn-ìn" láàárín táìlì àti òkè àjà, kò sí sípíkà tó lè wo àìsàn yẹn sàn. Rọ́ọ̀gì nípọn láàárín ilẹ̀, kọ́tìnnì tó wúwo bo fèrèsé, àti àga onítìmùtìmù ni òògùn rẹ̀. Ẹ yọ owó wọn sẹ́yìn ná kí ẹ tó ka èyí tí yóò ṣẹ́ kù fún sípíkà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó ka owó

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò nínú ìwé àlàyé ni iye ìró tí sípíkà náà ń fún wa bí a bá fún un ní wáàtì kan, tí a sì wọ̀n ọ́n láti mítà kan. dB ni wọ́n fi ń kà á. Bí iye yìí bá fi 3 lé sí i, agbára tí a nílò di ìdajì. Sípíkà oní-dB 85 yóò gba wáàtì méjì kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí oní-dB 88 fi wáàtì kan ṣe, oní-dB 91 yóò sì fi ìdajì wáàtì ṣe é. Fún wa tí à ń fi ìnfátà gbọ́ orin lálẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ohun kejì ni ohm, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, ẹ̀tàn sì wà nídìí rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi 2.83 fóòtì (volt) wọn dB. Lórí sípíkà ohm 8, wáàtì kan ni èyí. Lórí ohm 4, wáàtì méjì ni. Nítorí náà, sípíkà ohm 4 tí wọ́n kọ 88 sí lára lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ju 85 lọ bí a bá fi wáàtì kan wọ̀n ọ́n, ó sì tún ń fa iná ju ohm 8 lọ, èyí tí ańpílífáyà olówó pọ́ọ́kú lè má lè gbé. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ: DALI Oberon 5, láti orílẹ̀-èdè Denmark, ga ní 83 sẹ̀ǹtímítà, ó ní wúfà méjì tó ju ínǹṣì 5 lọ díẹ̀, dB 88, ohm 6. Bí mo bá rí irú nǹkan báyìí lórí ìwé, mo mọ̀ pé ańpílífáyà tí kò lágbára púpọ̀ lè gbé e, ó sì bá pálọ̀ tèmi mu. N kò sọ pé òun ni kí ẹ rà o; bí a ṣe ń ka ìwé ni mo ń fi hàn.

Iye wáàtì ńlá tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí, tí PMPO wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ gbójú fò ó. Wáàtì RMS, ìyẹn agbára tó lè gbé pẹ́, nìkan ni kí ẹ bá ọlọ́jà sọ. Ẹ̀rù wáàtì púpọ̀ kò sì yẹ kó máa bà wá tó bẹ́ẹ̀: ańpílífáyà kékeré tí a tẹ̀ kọjá agbára rẹ̀, títí ohùn fi fàya, ni ó ń jó tùwítà jù, ju ti ńlá tí a fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lò. Wáàtì 30 sí 60 tòótọ́ fún apá kọ̀ọ̀kan tó pálọ̀ wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú wúfà inú sípíkà tó dára lọ sínú àpótí ńlá tí káfíńtà kàn, nítorí kí báàsì lè pọ̀. Láti ìgbà tí Neville Thiele ti Australia ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1961, tí Richard Small sì tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ni wọ́n ti ń ṣírò bí wúfà, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú àpótí àti ihò ìmí rẹ̀ yóò ṣe bá ara wọn mu. Àpótí tí a fojú díwọ̀n kò mọ ìṣirò yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tókunbọ̀ àti iná

Ọ̀pọ̀ wa kò ní ra tuntun, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Sípíkà tí kò ní wáyà iná tirẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ iná ọba sí ti jẹnẹrétọ̀, nítorí náà ibi yòówù kó ti wá, yóò ṣiṣẹ́. Ańpílífáyà ni ó ń mọ̀ ọ́n: ti Japan tí ó ń lo fóòtì 100 àti ti Amẹ́ríkà tí ó ń lo 120 yóò jó lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa láìsí tiransifọ́mà láàárín. Bí ẹ bá ń lo ìnfátà, ẹ wá ańpílífáyà Class D, nítorí kì í fi iná ṣòfò. Kí ẹ sì gbọ́ ọ lórí ìnfátà yín gan-an bó bá ṣeé ṣe, torí pé ìnfátà tí iná rẹ̀ kò dán máa ń mú kí ańpílífáyà mìíràn kùn "hùn-ún" bí oyin.

Ní ti sípíkà tókunbọ̀, yálà ní Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ ti rí i, ní Ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, tàbí ẹ lọ títí dé Alaba ní Èkó, ẹ yọ aṣọ iwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka kan etí wúfà yípo. Rọ́bà yóò rọ̀, yóò sì padà sípò. Fóòmù tó ti gbó yóò rọ́ sí ìka yín bí àkàrà àná. Ooru àti ọ̀rinrin tiwa kì í jẹ́ kí fóòmù pẹ́, nítorí náà, kódà bí ó bá ṣì dára lónìí, rọ́bà ni kí ẹ yàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti wúfà wọlé jẹ́jẹ́, lọ́gbọọgba. Bí ẹ bá gbọ́ "ṣíà, ṣíà", wáyà inú rẹ̀ ti ń ha irin, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Ẹ mú bátìrì kékeré oní-fóòtì 1.5 dání. Ẹ fi orí rẹ̀ kan ihò pupa tó wà lẹ́yìn sípíkà, ìdí rẹ̀ kan ihò dúdú, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Gbogbo wúfà gbọ́dọ̀ fò síta. Èyí tó bá fò wọlé, ẹnì kan ti tú u rí, ó sì so wáyà rẹ̀ ní òdì. Bí ẹ bá ní míta, sípíkà ohm 8 máa ń fi nǹkan bíi 6 hàn, ohm 4 á fi bíi 3 hàn. Ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ wo ìdí: pákó tó ti mu omi rí yóò wú ní etí, ipa ikán kò sì pamọ́. Ẹ fi eegun ìka kan ẹ̀gbẹ́ àpótí. "Kó" tó kúrú ni a fẹ́, kì í ṣe "gbọ̀-ọ̀".

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀

Ẹ má ṣe gbọ́ orin tí ọlọ́jà bá gbé sí i. Ó ti yan èyí tó mọ̀ pé yóò wọ̀ yín lára, ó sì ti yí báàsì ańpílífáyà dé òpin. Ẹ ní kí ó dá báàsì àti tírẹ́bù padà sí àárín, kí ẹ sì fi orin inú fóònù tiyín síṣẹ́. Bí sípíkà méjì bá wà níwájú yín, ẹ rí i dájú pé bí ọ̀kan ṣe ń ròkè tó náà ni èkejì ń ròkè tó, nítorí pé èyí tó bá ròkè díẹ̀ ni etí yóò máa pè ní dídára.

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ènìyàn tí kò sí orin lábẹ́ rẹ̀. Ìròyìn Orísun FM 89.5 tó fún mi: bí ohùn ọkùnrin tó ń kà á bá dà bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò, àpótí náà ń fi ohùn tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé orin àtijọ́ sí i, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ohùn kan ṣoṣo kí stereo, tó ń pín ohùn sí ọ̀tún àti òsì, tó dé ọ̀dọ̀ wa. Orin I. K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí wọ́n fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, dára púpọ̀ fún èyí. Bí a bá jókòó sáàárín sípíkà méjèèjì, ohùn rẹ̀ àti kọ́díọ̀nù rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró gangan láàárín, níbi tí kò sí sípíkà kankan. Bí ó bá ń rìn káàkiri, tàbí tí ó fọ́n ká bí èéfín, ó ṣeé ṣe kí wáyà apá kan wà ní òdì, tàbí kí sípíkà méjèèjì má bára dọ́gba.

Ìgbà náà ni ó kan ìyáàlù. Ẹ dín ohùn kù títí ẹ ó fi lè máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo sípíkà ló ń gbìyànjú bí ó bá ròkè. Nígbà tí ó bá rẹlẹ̀ ni a ń mọ ọlọ́gbọ́n. Èdè ìlù wà lórí dò, re, mí àti bí ohùn kan ṣe ń yọ́ sínú èkejì, nítorí náà ẹ fetí sí ibi tí onílù ti ń fún awọ mọ́ra tí ohùn ń gòkè díẹ̀díẹ̀: ṣé ẹ gbọ́ ìrìn náà, àbí ẹ kàn gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀? Ṣé dò ń parí kí mí tó bẹ̀rẹ̀, àbí ó ń wọ́ tẹ̀lé e? Bí ẹ bá mọ ọmọ Àyàn kan tó lè bá yín lọ, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀. Mo mú ọ̀kan lọ nígbà tí mo ń wá èyí tí mo ń lò báyìí. Ní ilé ìtajà náà, ó jókòó, ó gbọ́ sípíkà mẹ́ta, kò sọ nǹkan kan lórí àkọ́kọ́. Lórí èkejì, ó ní, "Ó ń pe orúkọ ẹnì kan, n kò mọ ta ni." Lórí ìkẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún oríkì náà sọ lẹ́nu ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ìlù. Ìkẹta yẹn ni ó kéré jù nínú wọn.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni a fi ń dán tùwítà wò: ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lára akèrègbè, kì í ṣe epo tó ń ta nínú agbada. Àgídìgbo inú orin àpàlà ni fún ìsàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ yẹ kó jinlẹ̀, kí ó sì dákẹ́ nígbà tó yẹ. Ẹ lo ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Sípíkà tó ń tàn gan-an ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń rẹ etí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbígbé e kalẹ̀

Ẹ má ṣe tì í mọ́ kọ̀rọ̀, nítorí kọ̀rọ̀ ni báàsì ti ń wú jù. Ẹ fi 30 sí 60 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri, pàápàá bí ihò ìmí rẹ̀ bá wà lẹ́yìn. Kí àlàfo àárín sípíkà méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi mítà méjì, kí ìjókòó yín sì jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bákan náà, kí ẹ wá dojú wọn kọ ìjókòó díẹ̀. Ìjókòó tó lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn yóò gba báàsì àgbàjù. Èyí tó wà ní ìdajì òòró yàrá gẹ́lẹ́ kò ní rí lára ohùn ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ máa sún àga ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ibi tó sinmi sí.

Nítorí pé sípíkà yìí kúrú, tùwítà rẹ̀ lè rẹlẹ̀ sí etí ẹni tó jókòó. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ó lè gbójú wò yín. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́nu ṣóńṣó máa ń dá ihò sí táìlì. Ẹyọ kọ́bọ̀ àtijọ́, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ná ní 1973, ni mo fi sábẹ́ tèmi, ó ti rí iṣẹ́ ṣe padà. Ní ti wáyà, èyí tí okùn tín-ín-rín kún inú rẹ̀, tó jẹ́ bàbà gidi, tó sì nípọn ní 1.5 tàbí 2.5 mm² níbi tí àwọn oníṣẹ́ iná ti ń rajà, tó. Ẹ fi ọ̀bẹ họ orí rẹ̀: bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ayédèrú ni.

Mo gbọ́ "kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀" nínú sípíkà òsì mi ní ọdún tó kọjá, mo sì ti ń bínú sí ańpílífáyà kí n tó fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò ẹ̀yìn: ọmọńlé ti yé ẹyin méjì síbẹ̀. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fẹ́lẹ́ kan bo ihò náà. Afẹ́fẹ́ yóò máa kọjá, ọmọńlé kò ní rí ọ̀nà. Nígbà ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tuntun tó gbẹ ni kí ẹ fi gbá eruku ojú wúfà, kí ẹ má sì fọwọ́ kan tùwítà rárá. Kí ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì sí táìlì níbi tí ẹsẹ̀ sípíkà kọ̀ọ̀kan wà, nítorí pé ẹni tó bá gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yóò tì wọ́n padà mọ́ ògiri.